Ìkéde Tó Tò Sẹ́yìn Orin Tòmátò

Orin ìpolówó kan wà fún tòmátò inú agolo tí mo bá rántí, itọ́ á kún mi lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ bì. Obìnrin mẹ́ta ló kọ ọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín níparí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á sì pariwo pé, "Ẹ tún fi kún un!" Banjul, olú ìlú Gambia, ti gbàgbé orin náà. Èmi kò gbàgbé. Èmi ni mo tò ó sí ipò kẹta nínú ètò ọjọ́, èmi náà ni mo sì pàṣẹ pé kí ohunkóhun má ṣe kọjá níwájú rẹ̀.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Mò ń dá gbé ní Dippa Kunda, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kò gùn. Ọ̀nà méjì ni mo lè gbé iṣẹ́ kan gbà. Mo yan ọ̀kan. Èyí tí mo yàn ló dá ìyá kan dúró sí ìkejì odò lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ni ìyàwó mi.

Ìsẹ́yìn ni mo ti wá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ síbi iṣẹ́ àtúnṣe rédíò. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo dé Banjul. Mò ń tún rédíò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ṣe ní ìsọ̀ ọmọ ìlú mi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ìka ni mo fi ń tọ ìlà ìwé. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ìka kúrò, n kò ní mọ ibi tí mo dé mọ́. Bí mo ṣe kọ́ ìwé nìyẹn. Bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn pẹ̀lú: láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Akú ni ìyàwó mi, ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú rí, mùsùlùmí, ọmọ àdúgbò Box Bar ní Banjul. Ní ilé wọn, kómọjáde ni wọ́n ń pe ìsọmọlórúkọ, àwùjọ ni wọ́n ń pe sàráà òkú. Ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé.

"Ẹ ti jí ọ̀rọ̀ wa," ni mo wí.

"A ò jí i. Ẹ̀yin lẹ ò wá a wá láti ọjọ́ yìí."

Èdè Akú ni èmi àti rẹ̀ ń sọ títí ó fi kú. Yorùbá tó wà níbí, èmi ni mo tú u sí i.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà ló tọ́ ọ dàgbà. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Màmá padà fẹ́ àgbẹ̀ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Bárà, ní ìkejì odò. Fóònù alágbèéká ti dé Banjul nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tí ì dé abúlé wọn. Rédíò ni wọ́n ní. Èmi ni mo tún un ṣe fún un, ó sì fi í kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, kò yí i kúrò lórí ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ẹ̀rọ ọkọ ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ọkàn ìyàwó mi kò lágbára láti kékeré. Gbogbo wa mọ̀, a kì í sọ ọ́. Màmá nìkan ló sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọjọ́ ọdún Iléyá kan tí a lọ kí i.

"Tí Ọlọ́run bá mú u ṣáájú mi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan án kí n tó dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ láyé. Èmi ni màá wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú mi," ni ìyàwó mi wí.

"Ẹnu rẹ le. Ẹ ṣèlérí fún mi."

A ṣèlérí fún un.

Ilé iṣẹ́ rédíò náà kò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń ta aṣọ òkìrìkà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí mọ́ báyìí. Ìkéde òkú làwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ní Banjul, ẹni tó bá kú láàárọ̀ lè wọ ilẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àìlà ní aago méjì ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ẹbí rẹ̀ wà káàkiri, ní òkè odò, ní Bárà, ní àwọn abúlé. Nítorí náà, ẹni tí òkú kú fún á gun àtẹ̀gùn wa, á mú ìwé pélébé kan dání: orúkọ òkú, orúkọ ẹbí, ibi ìsìnkú, aago rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣe olùkọ́ rí. Á gba ìwé náà, á rẹ orin sílẹ̀, á ṣí máìkì, á kà á ní Mandinka, ní Wolof, ní Akú. Á tún gbé orin sókè padà. Kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá àsìkò rẹ̀ ti tó.

Máníjà kórìíra àṣà yìí. Àwọn tó ń polówó ọjà ń ráhùn pé òkú ń já lu ọ̀rọ̀ àwọn. Ó mọ̀ pé mo ti kọ ìlànà kọ̀ǹpútà kékeré kan, àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ á máa tẹ̀ lé, fún ilé ìtàwé kan, ó wá pè mí.

"Ẹnjiníà," ó ní, "mo fẹ́ ẹ̀rọ tó máa ṣe ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo ní ó ṣeé ṣe. Inú mi dùn pé ó pè mí ní ẹnjiníà. Mo ń rántí bí inú mi ṣe dùn tó, ó sì ń rí mi lára.

Mo ní ìwé kan nígbà náà tó ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí ènìyàn lè gbà kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kìíní dà bí ẹni tó ń ka ìwé sókè. Kọ̀ǹpútà á mú ìlà kìíní, á parí rẹ̀, á mú ìkejì, á parí rẹ̀. Kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì. Ọ̀nà kejì dà bí ìyá ilé tó jókòó. Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ sunkún, ó dìde. Omi hó, ó dìde. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó dìde. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń pe iṣẹ́, kì í ṣe ìwé ètò.

Mo ka ọ̀nà kejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlànà náà fọ́n ká bí ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibi tí mo lè gbé ìka lé kí n sọ pé, ibí ló dé. Mo rí i bí ìwà ìdọ̀tí. Èmi tí mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọdún mélòó kan kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìlà, ta ló fẹ́ kí n tún padà sínú rúdurùdu?

Mo ṣàlàyé méjèèjì fún ìyàwó mi níbi tó ti ń ṣa ẹja. Kò gbé ojú sókè.

"Èkejì yẹn ni èmi ń ṣe látàárọ̀," ó ní. "O kàn ń jẹun nínú rẹ̀ ni."

"Ti ẹ̀rọ yàtọ̀."

"Ó dáa. Èkínní yẹn, tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Á dúró títí ìlà á fi kan ilẹ̀kùn."

"Títí kí ni yóò fi kan ilẹ̀kùn?"

Mo ní kò lè yé e. Ó ń bá ẹja rẹ̀ lọ.

Mo yan ọ̀nà kìíní. Mo kọ ọ́ fún oṣù mẹ́rin, ó sì mọ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, ojú ìwé mẹ́tàlélógójì, mo sì ran án pọ̀. Ìka mi lè tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfò. Ní ọjọ́ tí mo ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá dúró lẹ́yìn mi.

"Nàìjíríà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ẹ̀rọ tuntun yìí, ṣé ó létí?"

"Kò nílò etí, Bàbá. Ìwé ètò ló ń tẹ̀ lé."

"Bí ènìyàn bá gun àtẹ̀gùn yẹn wá pẹ̀lú òkú ńkọ́?"

"Ìkéde ní ipò tirẹ̀. Aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago méje ìrọ̀lẹ́. Òkú tó bá dé lẹ́yìn aago méje á dúró de aago kan."

Ó ní, "Ní Nàìjíríà, òkú tiyín máa ń tò lórí ìlà?"

"Ohun gbogbo ló yẹ kó tò lórí ìlà."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí o bá kú, màá sọ fún málákà kó gba nọ́ńbà."

Obìnrin akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bàbá ń jowú ẹ̀rọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá ń ṣí máìkì já lu ẹ̀rọ mi. Máníjà ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo wá nǹkan ṣe sí i. Mo gbé àpótí kékeré kan sáàárín wáyà máìkì, tí kò ní ṣí àfi tí ìlànà mi bá pàṣẹ. Mo kọ ọ́ pé aago mẹ́fà àárọ̀ nìkan ni ìlànà á ka ìwé ètò, kò sì ní tún un wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí ẹnikẹ́ni bá pa kọ̀ǹpútà tó tún un tàn, á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní ètò tó kà ní aago mẹ́fà: Kùránì kíké díẹ̀, kíkí ẹ káàárọ̀, orin tòmátò. Tí ẹnikẹ́ni bá sì yọ ìlà kan kúrò nínú ìwé ètò, ìlànà á ka iye ìlà rẹ̀, á rí i pé kò pé, á dákẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí, èmi ni mo fi kún un fúnra mi. Máníjà kò béèrè fún un.

Láìpẹ́, àwọn ẹbí apẹja kan gun àtẹ̀gùn wá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Bàbá wọn ti kú. A kéde rẹ̀ ní aago kan, aago méjì ni wọ́n sin ín, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè odò kò bá a. Ọjọ́ kejì, wọ́n padà wá. Ọ̀kan nínú wọn ń pariwo mọ́ mi lójú pé, "Òkú lẹ kéde fún! Àwa tí a wà láàyè ò gbọ́!" Òórùn ẹja wà lára wọn, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn sì wà lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n rí mi lára. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé, "Kì í ṣe àbùkù. Ẹ̀rọ ṣe ohun tí a kọ." Mo ṣì ní ìwé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára gan-an.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé, lẹ́yìn tí oòrùn yọ. N kò ní kọ nípa ìyẹn. Àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ ní Box Bar dá ìsìnkú sí ẹ̀yìn ìrun Àìlà. Wọ́n ní kí n lọ kéde. "Ìwọ lo ni rédíò," ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wí.

Mo dé ilé iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí Màmá bá gbọ́ ọ lásìkò yẹn, á rí kẹ̀kẹ́ ẹṣin dé Bárà, á sì wọ fẹ́rì tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kí aago méjìlá tó lù. Ìyẹn nìkan ló wà lọ́kàn mi. Màmá gbọ́dọ̀ wẹ ọmọ rẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó kà á. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó wá jókòó sídìí máìkì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí.

"Ṣí i fún mi," ó ní.

"Kò ṣeé ṣí, Bàbá. Ó di aago kan."

"Ìwọ lo kọ ọ́."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Já wáyà náà dànù. Púláyà wà nínú dúrọ́ọ̀."

Mo ní rárá. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, màá tún un ṣe bó ṣe yẹ. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ ìdí tí mo fi ní rárá. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi púláyà kan iṣẹ́ mi. Aya mi wà nílẹ̀ ní Box Bar, síbẹ̀ iṣẹ́ mi ni mò ń rò.

Mo fi ìkéde kún ìwé ètò. Ìlànà kò wò ó. Mo ti ní kó má wò ó. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Ó ké Kùránì. Ó kí gbogbo ènìyàn ẹ káàárọ̀. Obìnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ orin tòmátò. Mo pa á. Mo yọ gbogbo ohun tó wà ṣáájú ìkéde kúrò, mo tún un tàn. Ìlànà ka iye ìlà, ó rí i pé kò pé, ó dákẹ́. Gbogbo rédíò wa dákẹ́. Akọ̀wé sáré wọlé, ó ní àwọn ènìyàn ń pè lórí fóònù pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo dá ìwé ètò padà bó ṣe wà. Kùránì, ẹ káàárọ̀, tòmátò.

Ibìkan wà nínú ojú ìwé mẹ́tàlélógójì náà tí mo ti kọ àṣẹ pé kó dákẹ́. Tí mo bá rí i, màá pa á rẹ́. Mo gbé ìwé náà sórí itan mi, mo gbé ìka lé ìlà kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹlòmíràn ì bá ṣí i sí àárín. Ì bá máa yẹ̀ ẹ́ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé bẹ́ẹ̀. Ìka mi ń lọ. Omijé ń kán sórí ìwé, mò ń fi apá aṣọ nù ún kí ìlà má bàa parẹ́.

"Nàìjíríà," ni bàbá wí. "Aago mẹ́wàá ti kọjá."

"Mo ti ń dé ibẹ̀."

"Ojú ìwé mélòó lo dé?"

"Mẹ́tàdínlógún."

Ó fi mí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mo rò pé nítorí ọ̀fọ̀ ni. Mo rí àṣẹ kan ní ojú ìwé kọkànlélógún, mo pa á rẹ́, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Òun kọ́ ni. Kùránì, ẹ káàárọ̀, tòmátò. "Ẹ tún fi kún un!" Mo padà sí ojú ìwé kejìlélógún.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá dìde. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú púláyà, ó já wáyà tó wọ inú àpótí mi àti èyí tó jáde nínú rẹ̀. Ó fi eyín bó ẹnu wáyà méjèèjì, ó lọ́ wọn pọ̀, ó jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó pe orúkọ ìyàwó mi lórí rédíò, ó pe orúkọ Màmá, orin tòmátò tó tún ti kàn sì ń lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kéde ìyàwó mi.

Fẹ́rì tí Màmá lè bá dé ti lọ.

Mo padà sí Box Bar. Àwọn obìnrin ti gbé omi kaná. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé a ṣì ń retí ẹnìkan?" Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n dúró di ìrun Alásárì, wọn ì bá dúró, wákàtí mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí ìkéde fi pẹ́. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Kí wọ́n máa bá a lọ." Wọ́n wẹ̀ ẹ́. A kírun sí i lára lẹ́yìn Àìlà, a sin ín.

Màmá wọlé lẹ́yìn aago mẹ́ta. Ó gbé àpò kan kọ́ èjìká: aṣọ funfun, káńfọ̀, kẹ́tùlù kékeré kan. Ó rí àwọn ọkùnrin tó ń ti itẹ́ òkú bọ̀ tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, ó yé e. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé àpò náà sórí itan. Ó wò mí.

"Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti wà nídìí rédíò," ó ní. "Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Mo ní tí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀rọ ọkọ ọmọ mi ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi."

Mo wo àpò náà.

"Ẹ̀rọ rẹ kí wa káàárọ̀ nígbà mẹ́rin lónìí. Mo ní kí ló ń ṣe é? Àwọn ọmọdé ń kọ orin tòmátò tẹ̀ lé e. Èmi náà kọ ọ́."

Kò tú àpò náà.

Máníjà wá kí mi ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ṣàdúrà dáadáa. Bí mo ṣe ń sìn ín jáde, ó ní ta ló já wáyà. Mo wo ẹnu rẹ̀ tó ń dán, mo sì rí i pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kò sí nínú mi. Òun kò tilẹ̀ béèrè pé kí ìlànà máa dákẹ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ìlànà mìíràn, ní ọ̀nà kejì. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí. Bàbá ní bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára ògiri. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, orin á wálẹ̀, máìkì á ṣí, ohun tó ń lọ á dúró dè é. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá ṣí irú ìlànà bẹ́ẹ̀, orí mi máa ń fò. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Máníjà gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gbá mi léjìká.

"Ẹnjiníà! Àwọn olùpolówó ò tilẹ̀ ráhùn. Kí ló dé tí o ò ṣe é báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Mo jáde, mo tutọ́ sórí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn apẹja ti kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sọdá odò lọ bá Màmá. Mo mú ojú ìwé mẹ́tàlélógójì náà dání. N kò mọ ohun tí mo rò pé yóò fi ṣe, kò mọ̀wé. Mo rò pé ó yẹ kó rí ohun tó ṣe é. Rédíò ṣì wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò tàn án. Àpò náà wà lórí ìṣó kejì, ó wú bó ṣe wú lọ́jọ́ náà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, púláyà, ojú ìwé, ìdí tí n kò fi ní kí wọ́n dúró di Alásárì. Ó gbọ́ ọ láìjá mi lẹ́nu.

"Nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń kọrin," ó ní, "kí ni ìwọ ń ṣe?"

"Mò ń kàwé, Màmá."

"Ìwé ta ni?"

"Ìwé tí mo kọ."

Ó na ọwọ́, mo gbé e fún un. Ó ṣí i, ó fọwọ́ pa ojú ìwé náà bí ẹni ń pa aṣọ. Ó dá a padà sí mi lórí itan.

"Ìka lo fi ń kà, ọmọ mi ti sọ fún mi. Fi ìka hàn mí ibi tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀."

Mo gbé ìka lé ìlà kìíní. Kùránì ló wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìkejì, kíkí ẹ káàárọ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìkẹta. Mo ń ṣí ojú ìwé, ó ń wo ìka mi, kò wo ojú mi. Mo lọ títí dé ìparí, gbogbo rẹ̀, ojú ìwé mẹ́tàlélógójì. Oòrùn ti yí sí ẹ̀yìn ilé nígbà tí mo parí.

"Kò sí níbẹ̀, Màmá."

"Hẹ̀n," ó ní.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń ya á ní méjì méjì, ó ń tì í sábẹ́ ìkòkò. Ó se ìrẹsì, ó sì se ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e. Ní Banjul àti ní ìkejì odò, kò sí ẹni tó ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà láìfi tòmátò inú agolo sí i. Òun ló ń jẹ́ kó pọ́n. Kò fi í sí i. Ọbẹ̀ náà wá sínú abọ́ ní funfun, bí ẹ̀kọ. Ó jókòó tì mí, a jọ fọwọ́ bọ abọ́, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.